Ẹ̀yà ni ká wò ni àbí àìní? Bí ẹgbẹ́ ṣe lè pín owó ìrànwọ́ ilé-ìwé ní Kétu kó má dìjà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ nílé lóko, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kútọnù, ní Àjàṣẹ́, ní Èkó àti lókè òkun. Ẹgbẹ́ tó bá ti dá owó jọ rí láti fi ran ọmọ tálákà lọ́wọ́ á mọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Owó á wọlé, inú gbogbo wa á dùn, a ó ya fọ́tò, tó bá wá di ọjọ́ tá a fẹ́ pín in, ẹnì kan á ní àdúgbò tòun ò rí nǹkan gbà lésìí, ẹlòmíì á ní àwọn Fọ̀n ló kó gbogbo ẹ̀ lọ, ẹnì kẹta á ní ṣé Fúlàní náà wá di ọmọ ìlú ni, kẹ́ ẹ tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ọmọ tí ò ní kàyé tó máa fi kọ̀wé àti bíìkì, ó ti di ta ló nilẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ yìí dé rèé, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kíákíá kí ẹni tí ò ráyè ka gbogbo ẹ̀ lè mú un lọ: ẹ fi ẹ̀yà wá èèyàn, àmọ́ àìní ni kẹ́ ẹ fi pín owó. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀, ẹ má sì ju ọ̀kan nù.

Àwọn tó ní ká wo ẹ̀yà kì í ṣe ìkà

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ wọn torí àwọn la máa ń bú jù nípàdé. Ní Kétu wa yìí, Yorùbá wà, Fọ̀n wà, Máhì wà, Ọ̀họ̀rí wà, Fúlàní wà. Tẹ́ ẹ bá kàn lẹ ìwé mọ́ ara ògiri mérì, ọ́físì ìjọba ìlú, pé ẹni tó bá tálákà jù kó wá gba fọ́ọ̀mù, ta ló máa rí i? Ọmọ tó ń gbé àárín ìlú ni, tí bàbá ẹ̀ mọ̀wé tàbí tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní mérì. Ọmọ tó ń rìn láti inú oko kan lápá Ìdìnyín tàbí Adakplamè kó tó dé ilé-ìwé ò ní gbọ́ nǹkan kan, àwa á wá jókòó máa sọ pé àwọn yẹn ò nífẹ̀ẹ́ ìwé.

Nǹkan mìíì tún wà tá ò kì í fẹ́ sọ jáde. Dàhòmì fọ́ Kétu lọ́dún 1886, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Àbọ̀mé, àwọn tó padà wálé wá tún ìlú tẹ̀ dó lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì. Gbogbo wa la mọ ìtàn yẹn, a sì ń fi Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, yangàn. Àmọ́ nínú ilé tiwa náà, àwọn kan wà tí bàbá ńlá wọn jẹ́ ẹrú, tàbí ìwọ̀fà tí wọn ò rà padà, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ lójú ọ̀nà ṣùgbọ́n àwọn àgbà mọ̀ ọ́n, ẹ ó rí i nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fẹ́yàwó, ẹ ó tún rí i nígbà tí wọ́n bá ń pín ilẹ̀. Tí wọn ò bá fún bàbá ẹnì kan nílẹ̀ torí ẹni tí bàbá ẹ̀ jẹ́, ìyẹn wà nínú ohun tó sọ ọmọ di tálákà lónìí, kò sì sí bí a ṣe lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìran ò kan ọ̀rọ̀ òṣì.

Ẹni tó wá ní kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n tì mọ́ àwọn kan, tẹ́ ẹ ò bá sì pè wọ́n lórúkọ, ẹ ò ní rántí wọn láéláé. Òótọ́ ni.

Àwọn tó ní ká wo àìní nìkan náà lóhun tí wọ́n rí. Ebi ò mọ ilà ojú. Tẹ́ ẹ bá ya owó sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kan, ẹni tó kọ́kọ́ máa dé ibẹ̀ ni ọmọ olówó inú ẹ̀yà yẹn, torí òun ló mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, bàbá ẹ̀ á gbé e sórí mọ́tò wá sí bírò yín ní kùtùkùtù. Ọmọ darandaran tó wà nínú igbó ò sí níbẹ̀, ọmọ olówó màlúù tó ti kọ́lé sí ìgboro ló gbé owó náà lọ, orúkọ Fúlàní sì ni wọ́n fi gbà á. Ọmọ Yorùbá tí ìyá ẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ fún wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, tí wọ́n ń fún un ní nǹkan díẹ̀ lórí agbọ̀n kan, wọ́n á ní ìpín tiyín ti kún.

Ibi tí ayé ti ṣe é, àti ohun tá a lè mú níbẹ̀

Kì í ṣe àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí dà láàmú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú wà lóko ẹrú títí di 1865, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún fi òfin yà wọ́n sọ́tọ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Látàwọn ọdún 1960 ni ìjọba àtàwọn yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbani síṣẹ́ tàbí sílé-ìwé, kí àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ tẹ́lẹ̀ lè wọlé. Lọ́dún 1978 ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ilé-ìwé dókítà kan ní Kalifọ́níà ò gbọdọ̀ ya ààyè 16 nínú 100 sọ́tọ̀ mọ́ fáwọn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, àmọ́ pé wọ́n ṣì lè wo àwọ̀ mọ́ nǹkan mìíì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀ títí di oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ilé-ẹjọ́ yẹn kan náà fòpin sí wíwo àwọ̀ láti gbani sí yunifásítì, nínú ẹjọ́ tí wọ́n pe yunifásítì Harvard. Látìgbà yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ ń wí ni pé kí wọ́n kúkú máa wo tálákà, kí wọ́n gbàgbé àwọ̀.

Ó dára létí. Àmọ́ ẹ wò ó: ìwádìí tí báǹkì àpapọ̀ wọn ṣe ní 2022 fi hàn pé tẹ́ ẹ bá to àwọn ilé aláwọ̀ funfun láti orí ẹni tí ò ní dé orí ẹni tó ní, èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn ní ohun ìní tó tó dọ́là 285,000, ti aláwọ̀ dúdú tó bọ́ sí àárín bákan náà jẹ́ 44,900. Èèyàn méjì lè máa gba iye owó oṣù kan náà, kí ọ̀kan ní ilé tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀, kí èkejì máa san owó ilé, kí ó tún máa bọ́ ìyá ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wo owó oṣù nìkan, ẹ ó ní ọgba ni wọ́n. Ohun tí mo mú níbẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá fẹ́ lo àìní, kó béèrè nípa ohun ìní, kó má béèrè nípa owó tó ń wọlé nìkan. Tálákà aláwọ̀ funfun náà pọ̀ níbẹ̀ o, tẹ́ ẹ bá ka orí, wọ́n tiẹ̀ ju tálákà aláwọ̀ dúdú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú lẹ máa rí tálákà jù. Martin Luther King, tó jà fẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀, mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwọ́de àwọn tálákà tó ń ṣètò ẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pa á ní 1968, dúdú, funfun, àwọn tó ti Mẹ́síkò wá àtàwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó wà níbẹ̀ kí aláwọ̀ funfun tó dé, ló pè sí i.

Texas ṣe ọgbọ́n kan ní 1997 tí mo fẹ́ràn. Wọ́n ní ọmọ tó bá wà lára ìdá mẹ́wàá tó mọ̀wé jù nínú ọgọ́rùn-ún ní lisẹ́ẹ̀ tiẹ̀, ibi yòówù kí lisẹ́ẹ̀ náà wà, yunifásítì ìjọba á gbà á. Wọn ò dárúkọ àwọ̀ kankan, àmọ́ nígbà tó jẹ́ pé dúdú ń gbé lọ́tọ̀ funfun ń gbé lọ́tọ̀, ọmọ gbogbo àdúgbò ló rọ́nà wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sápò, a ó lò ó nísàlẹ̀.

Íńdíà ni mo rò pé ó ti pẹ́ jù lẹ́nu ẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àti nílé-ìwé, wọ́n ya ààyè 15 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fáwọn tí wọ́n ń pè ní aláìmọ́ láyé àtijọ́, 7.5 fáwọn ẹ̀yà orí òkè àti inú igbó, 27 fáwọn ìran mìíì tó wà lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ọmọ ọ̀gá ńlá ló ń jẹ ẹ́. Ní 1992 ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní nínú ìdá 27 yẹn, ẹni tó bá ti là kó bọ́ síta, kó fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ní 2019, wọ́n tún ya ìdá mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún tálákà inú ìran tí kò sí nínú gbogbo èyí, àwọn adájọ́ márùn-ún jókòó lé e lórí ní 2022, mẹ́ta ní ó dáa, méjì ní kò dáa, torí wọ́n yọ tálákà àwọn ìran tó kù kúrò nínú ẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn adájọ́ gan-an pín sí méjì lórí ẹ̀, kí wọ́n tó dójú tì wá pé ìpàdé wa dàrú.

Bràsíl ló sún mọ́ wa jù. Ẹni tó bá ti dé Àjàṣẹ́ mọ̀ pé àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíl padà wá, àwọn ló kọ́ mọ́sálásí ńlá yẹn tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ṣẹ́kù sọ́hùn-ún, 1888 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, kò sílẹ̀, kò sówó. Ní 2012 ìjọba wọn ṣòfin pé ìlàjì ààyè yunifásítì ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tàwọn tó jáde nílé-ìwé ìjọba, torí níbẹ̀ ọmọ olówó kì í lọ sí kọlẹ́ẹ̀jì ìjọba. Nínú ìlàjì yẹn, wọ́n tún ya ìlàjì sọ́tọ̀ fún ilé tí owó ò wọlé dáadáa. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ìyẹn tán ni wọ́n tó wá wo àwọ̀, pé iye dúdú, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dúdú àti funfun pọ̀ lára wọn, àti onílẹ̀ tó máa wọlé gbọ́dọ̀ bá iye tí wọ́n jẹ́ ní ìpínlẹ̀ yẹn mu. Ní 2023 wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi àwọn ọmọ abúlé tí àwọn ẹrú tó sá lọ tẹ̀ dó kún un. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: òṣì ló ṣáájú, ìran ló tẹ̀lé e. Ọmọ dúdú olówó tó lọ sílé-ìwé aládàáni ò ní ààyè kankan níbẹ̀.

Nàìjíríà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà, ẹ mọ̀ ọ́n, máàkì tí wọ́n fi ń wọ kọlẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Wọ́n ṣe é kí ìpínlẹ̀ tó wà lẹ́yìn lè rí ọmọ wọlé, ó sì ní ohun tó ṣe. Àmọ́ ọmọ ọlọ́lá tó dàgbà sí Àbújá lè fi máàkì kékeré wọlé lórúkọ ìpínlẹ̀ bàbá ẹ̀, nígbà tí ọmọ bírìkìlà Ọ̀yọ́ tó gba jù ú lọ ń padà sílé. Níbi téèyàn ò bá ti wo inú ilé, ibẹ̀ ló máa já sí.

Ó yá, bí ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ kọ òfin kẹ́ ẹ tó gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ. Tí orúkọ bá ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ òfin, kálukú á máa gé òfin bó ṣe máa bá ọmọ tiẹ̀ mu. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kà á nípàdé, kí gbogbo èèyàn fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà kí fọ́ọ̀mù tó jáde.

Àwọn tó máa jókòó lórí ẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ bàbá àgbà nìkan. Ẹ wá tíṣà kan, ẹ wá obìnrin tó ń tajà lọ́jà torí kò sẹ́ni tó mọ ilé tí owó ti tán tó wọn, wọ́n mọ ẹni tó ń ra àwìn, ẹ wá Fúlàní kan, ẹ wá Ọ̀họ̀rí kan tó ń gbé oko lóòótọ́, kì í ṣe èyí tó ń gbé Kútọnù. Ẹni tí ọmọ ẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ ìyá ẹ̀ bá gba fọ́ọ̀mù, kó dìde lọ́dún yẹn. Kò sí bàbá mi kò sí ìyá mi.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ẹ máa gbọ́ ọ o, pé àwa ìdílé báyìí la dá owó jù, kí ló dé tá a ó fi fún àjèjì. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ sọ fún wọn pé owó tí ìdílé bá dá fún ọmọ ìdílé, tiwọn ni, kí wọ́n pín in nínú ilé, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n. Àmọ́ owó tó bá wọ àpò tá a kọ orúkọ Kétu sí, ti gbogbo ẹni tó ń gbé Kétu ni. Bí ẹnì kan bá fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun pé agbo ilé tòun nìkan lòun fẹ́, ẹ gbà á, ẹ kọ ọ́ sí ìwé ọ̀tọ̀, ẹ má dà á pọ̀. Àdàpọ̀ ló ń bí ìjà. Òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tọdún 1990 náà, níbi tó ń jẹ́ 26, sọ pé ìjọba ò gbọdọ̀ fi ibi téèyàn ti wá, tàbí ìran ẹ̀, tàbí ẹ̀sìn ẹ̀ yà á sọ́tọ̀ níwájú òfin, tí ẹ̀yin bá wá ń lo orúkọ ìlú, ẹ hùwà ìlú.

Ẹ má béèrè pé èló lò ń rí lóṣù. Kò sẹ́ni tó máa dáhùn, ẹni tó bá sì dáhùn ń parọ́ ni tàbí kò mọ̀ ọ́n. Àgbẹ̀ ò gba owó oṣù. Ẹni tó ń ta kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, létí títì náà, lẹ́yìn oṣù karùn-ún 2023 tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ó mọ bọ́jà ṣe dà, owó tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí kì í ṣe tiẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni: ta ló san owó ilé-ìwé ọmọ yìí lésìí? Àgbàdo tí ẹ kó wọlé, oṣù wo ló tán? Ilẹ̀ tí ẹ ń dá oko sí, tiyín ni àbí ẹ yá a? Ṣé ẹ ti ta ilẹ̀, ewúrẹ́ tàbí mọ́tò láàárín ọdún méjì yìí, kí lẹ sì fi owó ẹ̀ ṣe? Èèyàn mélòó ló ń jẹun nínú ìkòkò kan, mélòó nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́? Ọmọ yìí, ṣé ó ń gbé pẹ̀lú ìyá tàbí bàbá ẹ̀, àbí wọ́n fi í fún ẹlòmíì tọ́?

Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ lọ sílé wọn. Èèyàn méjì ni kó lọ, kí ọ̀kan má jẹ́ ará àdúgbò yẹn, kí wọ́n má sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Ẹ má wo páànù orí ilé nìkan, òun ló ń tan àwa Yorùbá jẹ jù. Fúlàní tó ń sun abẹ́ koríko lè ní màlúù tí owó ẹ̀ kọ́lé mẹ́ta, Yorùbá tó ń gbé ilé páànù tí bàbá bàbá ẹ̀ kọ́ lè jẹ́ pé gbèsè ló ń jẹ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Òmíì á ní òun ò lówó kankan, ó sì ní oko tìkì tó ti tó gé. Ẹ wo kakí ọmọ náà, ẹ yí kọ́là ẹ̀ padà, ẹ ó rí i bóyá wọ́n ti tú u rán ní òdìkejì, ẹ wo ẹ̀yìn ṣòkòtò ẹ̀ níbi tí wọ́n lẹ aṣọ mìíì mọ́ tí àwọ̀ ẹ̀ ò bá a mu. Ẹ wo kàyé ẹ̀: ọmọ tó ń kọ matí àti faransé sínú kàyé kan náà, ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀yìn, kí wọ́n lè pàdé láàárín, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé ṣé ó tálákà. Inú mi bàjẹ́ gan-an tí mo bá rí irú kàyé yẹn lọ́wọ́ ọmọ tó mọ̀wé.

Ẹ fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì, òdo, ọ̀kan tàbí méjì, kó rọrùn, kí ìyá tí ò kàwé náà lè rò ó pọ̀ lórí ìka ọwọ́. Ìbéèrè ló gbọ́dọ̀ kan náà fún gbogbo èèyàn. Kò sí máàkì fún jíjẹ́ Yorùbá, kò sí máàkì fún jíjẹ́ Fúlàní.

Ibi tí ẹ̀yà ti máa wúlò

Kí fọ́ọ̀mù tó jáde ni. Ẹ kéde ẹ̀ ní Yorùbá, ní Fọ̀n, ní èdè Fúlàní, ní rédíò, ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ní ọjà, níbi tí wọ́n ti ń fún màlúù lómi. Ẹ fi ọgbọ́n Texas yẹn kún un: gbogbo ilé-ìwé tó wà ní arọ́ndísìmọ́ọ̀, ìyẹn ẹkùn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Kétu, dirẹ́tọ̀ (ọ̀gá ilé-ìwé) kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú orúkọ ọmọ tí ìyà ń jẹ jù lọ́dọ̀ tiẹ̀ wá, kó má sí ilé-ìwé tí fọ́ọ̀mù ò dé. Ẹ má sọ pé ẹni tí ò ní ìwé ìbí kó má gba fọ́ọ̀mù. Àwọn tí ìyà ń jẹ jù gan-an ni ò ní i, nígbà tí ọmọ wọn bá sì dé kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe CEP, ìdánwò ìparí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n tó mọ̀ pé láìsí ìwé yẹn dósíè ò lè lọ. Ẹ kúkú yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fi bá wọn lọ síbi tí ìjọba ti ń ṣe é kí wọ́n lè gba ìwé náà, ó lè jẹ́ pé ohun tọ́mọ yẹn nílò jù nìyẹn, ju owó ìwé lọ.

Tẹ́ ẹ bá ti fún gbogbo èèyàn ní máàkì tán, kẹ́ ẹ tó kéde ẹnikẹ́ni, ẹ jókòó kẹ́ ẹ ka orúkọ tó wọlé ní abúlé sí abúlé, ẹ̀yà sí ẹ̀yà. Tẹ́ ẹ bá rí i pé gbogbo ẹni tó wọlé jẹ́ ará ìgboro, tàbí pé kò sí Ọ̀họ̀rí kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ má wá tìtorí ìyẹn fún wọn ní ààyè mẹ́ta kí ẹnu lè pa mọ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún ọjọ́, ẹ padà lọ síbẹ̀, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò gba fọ́ọ̀mù. Bóyá wọn ò gbọ́. Bóyá wọ́n gbọ́ ṣùgbọ́n wọ́n rò pé a ó lé wọn. Bóyá ìbéèrè wa ló tì wọ́n síta, bíi ti páànù yẹn, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ tún ìbéèrè náà ṣe fún gbogbo èèyàn, ẹ sì tún máàkì gbogbo èèyàn rò. Tí wọ́n bá wá, kí wọ́n gba máàkì bíi ti àwọn yòókù. Ẹni tí máàkì ẹ̀ ò tó, kò tó.

Ẹnì kan á bi mí pé ibi tó bá jẹ́ pé torí ẹ̀yà gan-an ni wọ́n ṣe ń fìyà jẹ ọmọ ńkọ́? Ọmọ Fúlàní tí wọ́n ń pè ní màlúù ní kíláàsì, ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọmọ ẹrú lábẹ́ igi máńgòrò nígbà ìsinmi. Ọmọ olówó wọn náà ń jẹ nínú ìyà yẹn, owó ò sì lè yọ ọ́ níbẹ̀. Níbẹ̀ mo gbà pé ẹ̀yà ló yẹ ká dojú kọ tààrà, àmọ́ kì í ṣe àpò owó ilé-ìwé la ó fi ṣe é. Ẹ lọ bá dirẹ́tọ̀, ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ òbí, ẹ bá ààfin sọ ọ́ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè ọmọ náà kó máa wà nítòsí kíláàsì àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì yẹ ká ṣe é pẹ̀lú ọkàn kan náà.

Bí ẹ ṣe máa san án

Ẹ má fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ka orúkọ tálákà láàárín ọjà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kéde òfin, ẹ kéde iye ọmọ, ẹ kéde iye tó bọ́ sí abúlé kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni lè bi yín, àmọ́ orúkọ ọmọ jẹ́ láàárín ẹ̀yin, ilé ẹ̀ àti dirẹ́tọ̀. Kí owó ilé-ìwé lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-ìwé kẹ́ ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí, kí kakí àti kàyé jẹ́ kakí àti kàyé, kì í ṣe owó lórí MoMo inú fóònù tí ẹ̀gbọ́n kan máa ná.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, kí ẹlòmíì tí ò wá sílé ẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ wò ó. Ẹ tún béèrè ní ọ́físì ìjọba tó ń rí sí ìrànwọ́ tálákà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ti ARCH àti Gbessoke, àwọn ètò ìrànwọ́ ìjọba Bẹ̀nẹ̀, bóyá ilé náà ti wà lórí àkọsílẹ̀ tiwọn. Tó bá wà, ó ràn yín lọ́wọ́ láti mọ̀ pé òótọ́ ni, tí kò bá sí, ẹ má fi ìyẹn lé e lọ, ẹ kúkú sọ fún un bó ṣe lè wọ̀ ọ́.

Nípa àsìkò: ilé-ìwé máa ń wọlé ní oṣù kẹsàn-án, torí náà kí òfin ti wà nílẹ̀ kí oṣù karùn-ún tó parí, kí fọ́ọ̀mù jáde kí ọmọ tó lọ sí ìsinmi gígùn torí dirẹ́tọ̀ ṣì wà nílé-ìwé nígbà yẹn, kẹ́ ẹ lọ sílé wọn ní oṣù kẹfà kí àgbàdo tuntun tó jáde, ìgbà yẹn lẹ ó rí ilé tí oúnjẹ ti tán níbẹ̀ lóòótọ́. Kíka orúkọ ní ẹ̀yà sí ẹ̀yà àti pípadà lọ wá àwọn tí ò sí níbẹ̀, kí ó jẹ́ ti oṣù keje. Kí oṣù kẹjọ tó parí, kí telọ̀ ti gba aṣọ kakí lọ́wọ́ yín, torí tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan kí ilé-ìwé wọlé, kò sí telọ̀ tó máa dá yín lóhùn ní Kétu.